Yíyan Àdúgbò fún Ìdílé Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́: Ìbàdàn àti Manchester

Bí ènìyàn bá ń wá ilé ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ bá a jáde lẹ́nu. Ó ń béèrè bóyá iná máa ń wà, bóyá kànga kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bóyá mọ́tò lè wọlé nígbà òjò, àti irú ẹni tí lánlọ́ọ̀dù jẹ́. Kò sí ohun tó so ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mọ́ ibi tí òbí ń gbé. Ẹni tó ń gbé Apata lè fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Bodija bí apá rẹ̀ bá ká owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ti bọ́ọ̀sì, bí kíláàsì bá sì ti kún, ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ á ní kí wọ́n gbé àga kan sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdírẹ́sì ló sábà ń yan ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kó ọmọ wẹ́wẹ́ bọ̀ ní Manchester, ilé-ẹ̀kọ́ ni kó kọ́kọ́ wá, kó tó wá ilé.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ ẹni tó wá pẹ̀lú físà iṣẹ́ náà sì lè wọ̀ ọ́. Ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ Reception, kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ní oṣù Kẹsàn-án lẹ́yìn tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ni ìforúkọsílẹ̀ ń parí, ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin sì ni káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ń sọ ibi tí wọ́n fi ọmọ sí. Bí àwọn tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan bá pọ̀ ju àyè lọ, àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba ló ń ṣíwájú, àwọn tí ẹ̀gbọ́n wọn ti wà níbẹ̀ sábà ń tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wo ẹni tí ilé rẹ̀ súnmọ́ jù. Ọ̀pọ̀ káńsù ń wọn jíjìnnà yìí ní ìlà gbọọrọ lórí máàpù, kì í ṣe ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà, débi pé ọmọ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà lè wọlé kí ti òpin òpópónà kan náà má wọlé. (Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì tó kún máa ń béèrè ìwé ìrìbọmi, nítorí náà kí ẹni tó ní in má ṣe fi í sílẹ̀ sílé.)

Ẹni tó bá dé láàárín ọdún ni ọ̀rọ̀ náà máa ń ká lára jù. Òfin kò jẹ́ kí kíláàsì Reception àti méjì tó tẹ̀ lé e, Year 1 àti Year 2, ju ọmọ 30 lọ fún olùkọ́ kan, àfi ní àwọn ìgbà díẹ̀ tí òfin náà fúnra rẹ̀ yọ sílẹ̀, nítorí náà kò sí ẹ̀bẹ̀ tí ènìyàn lè bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò fi gbé àga kún un. Ibi tí àyè bá ṣẹ́kù ni wọn yóò fi ọmọ sí. Mo mọ ìyá kan tí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ méjèèjì sí ilé-ẹ̀kọ́ méjì tó jìnnà síra, tí méjèèjì sì ń jáde ní agogo mẹ́ta ààbọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sanwó kí wọ́n lè dá ọ̀kan dúró títí yóò fi gbé ìkejì dé. Bó bá ti fóònù káńsù kó tó san owó ilé, wọn ì bá ti sọ fún un ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣì ní àyè fún ọmọ méjèèjì.

Ní Ìbàdàn, ìyá tí iṣẹ́ dá dúró lè ní kí ará ilé kan bá òun mú ọmọ bọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í ní ìbéèrè. Níhìn-ín, olùkọ́ kì í fi ọmọ ọdún márùn-ún lé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ohun tó dára jù ni kí ilé-ẹ̀kọ́ wà níbi tí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé pẹ̀lú òbí, nítorí pé ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní Manchester kí agogo mẹ́rin tó lù, òjò sì sábà máa ń wà ńbẹ̀.

Ti àbò àti omi, àwa tá a ti Ìbàdàn wá mọ̀ ọ́n béèrè. Àwọn tí omíyalé Ògùnpa ṣojú wọn ní 1980, àti àwọn tó rí ti ọdún 2011, kì í gba ilé lẹ́bàá odò láìbi àwọn ará àdúgbò pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi kì í wọlé níbí?” Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ti gbé ewu omíyalé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan, police.uk, ìkànnì àwọn ọlọ́pàá, sì ń fi irú ìwà ọ̀daràn tó wáyé nítòsí hàn fún ẹni tó bá tẹ póòsìkóòdù. Ìwúlò rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí ni olè jíjà sábà ń pọ̀ sí lórí máàpù yẹn, kò sì fi dandan sọ pé òpópónà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ burú. Mo ṣì gbà pé kí ènìyàn rìn yí àdúgbò ká nírọ̀lẹ́.

Inú ilé gan-an ni ewu tí a kò mọ̀ nílé wà. Ọ̀rinrin máa ń mú kí ohun dúdú hù lára ògiri, ó sì ń ba èémí ọmọdé jẹ́. Ní Rochdale, tí kò jìnnà sí Manchester, ó pa ọmọ ọdún méjì kan ní 2020. Kí ẹni tó ń yẹ ilé wò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lára ògiri ìta, kó gbóòórùn rẹ̀, kó fọwọ́ kan igun fèrèsé, kó sì fura sí yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lódà níbì kan ṣoṣo. Bí a ti ń béèrè wákàtí iná ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni kó béèrè ìwé EPC, èyí tó ń fi lẹ́tà A títí dé G sọ bí ilé ṣe ń lo agbára sí. Láìsí ìyọ̀ǹda pàtàkì, òfin kò jẹ́ kí onílé fi ilé tó wà ní F tàbí G gba ayálégbé.

Ní ti owó, oṣooṣù ni wọ́n ń san án níhìn-ín, kì í ṣe ti ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan. Láti 2019, ejẹ́ńtì kò gbọdọ̀ gba kọ́míṣọ̀n lọ́wọ́ ayálégbé, owó ìdógò kò sì gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ bí owó ilé ọdún kan kò bá tó £50,000. Ṣùgbọ́n wọn yóò yẹ físà àti owó oṣù wò, owó-orí káńsù sì sábà máa ń wà lọ́tọ̀. Iye tí wọ́n fojú bù pé ilé náà ì bá tà ní oṣù Kẹrin 1991 ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, kódà bó jẹ́ èṣí ni wọ́n kọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń fẹ́ gbé níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, bíi Moss Side tàbí Cheetham Hill, níbi tí elùbọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì kò ti jìnnà. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ Sunday nìkan ni ọ̀pọ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ìdílé kan ṣoṣo tí a fọkàn tán, tó ń gbé nítòsí, wúlò fún mi ju ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá lọ, nítorí pé fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ máa ń béèrè orúkọ ẹlòmíràn tí wọ́n lè pè bí fóònù òbí kò bá lọ, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ lè tètè dé ẹnu géètì kí ilé-ẹ̀kọ́ tó tì.