Ìbòjú mi sán sórí abọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo ṣí aṣọ lórí ìbòjú àkọ́kọ́ tí mo fi amọ̀ mọ, mo sì bá a tó ti sán láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Kì í ṣe ìlà tín-ín-rín o. Àtàǹpàkò mi wọ inú rẹ̀. Imú tí mo fi odindi alẹ́ mẹ́ta ṣe ti pín sí méjì, ihò kan lápá ọ̀tún, ìkejì lápá òsì. Mo kàn jókòó tì í ni. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ló fọwọ́ kàn án, mo tiẹ̀ ti ń jágbe mọ́ àwọn ará ilé, àṣé èmi fúnra mi ni.

Ẹ mọ bí àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ṣe máa ń ṣe: a ó da ojú abọ́ dé, a ó tẹ́ amọ̀ lé e kó lè tẹ̀ kọrọdọ bí ojú èèyàn. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n bí amọ̀ ṣe ń gbẹ ló ń súnkì. Ìbòjú tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 lè fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan dín kó tó gbẹ tán. Abọ́ kì í súnkì. Amọ̀ ń fà, abọ́ ò gbà, ló bá ya. Àwọn kan á ní ṣebí wọ́n ti sọ fún mi. Òótọ́ ni, wọ́n sọ ọ́. Mo fi òróró pa abọ́ náà, mo rò pé yíyọ̀ ti tó.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sáàárín abọ́ àti amọ̀, kó nípọn dáadáa, kó lè fún amọ̀ láyè. Ẹ sì tètè bọ́ ọ kúrò: tí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́ tí kò wọlé mọ́, àmọ́ tí èékánná ṣì ń sàmì sí i, àkókò tó nìyẹn. Ẹ má dúró kó gbẹ lórí abọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì, kí ara rẹ̀ nípọn bákan náà, bíi sẹ̀ǹtímítà kan káàkiri. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un wò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi nípọn ní ìlọ́po méjì iwájú orí, iwájú orí yẹn náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Àmọ́ ká ní kò sí lórí abọ́ ni, bóyá ì bá má burú tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti imú, mo fi fọ́ọ̀kì ha ibi tí imú àti ìbòjú ti máa pàdé, mo fi amọ̀ tí mo fomi pò pa á, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo sì fìka ra etí rẹ̀ pọ̀. Imú yẹn là sí méjì, ṣùgbọ́n kò ṣí kúrò lójú rárá. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn nìkan yangàn.

Ẹyinjú náà, àárín orí ló ń wà, kì í ṣe òkè. Ẹ wo dígí.

Níwọ̀n ìgbà tí wọn ò tíì sun ún níná, amọ̀ tó gbẹ kò ṣòfò. Mo fọ́ ọ, mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo pò ó, mo tún un mọ lórí ìwé ìròyìn tí mo rún jọ. Àárọ̀ yìí ni mo bọ́ ọ. Abọ́ ti padà sí ilé ìdáná.