Néon Mẹ́wàá

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀: néon. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), bí ẹnìkan bá ní kí ẹ bá òun ra néon, iná gígùn tí à ń kàn mọ́ àjà ló ń sọ. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn tó ń sin ẹja nínú àpótí dígí, néon ni ẹja tíntìntín kan tó ní ìlà búlúù títàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìdí rẹ̀ sì pupa. Aránṣọ kan ládùúgbò wa kó owó fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kó lọ ra néon mẹ́wàá wá. Ọmọ gun zém, ìyẹn ọ̀kadà, lọ, ó gun zém bọ̀, ó gbé iná gígùn méjì dábùú itan.

"Ọ̀gá, owó yín ò ká mẹ́wàá. Méjì péré ni mo rí rà."

Àpótí dígí ọ̀gá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80, ó fẹ̀ ní 35, ó ga ní 40. Lítà 112 nìyẹn bó bá kún dẹ́nu. Iná wáàtì 36 yìí gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120, ó yọ orí níhìn-ín, ó yọ ìdí lọ́hùn-ún, bí igi tí kò wọ ààrò tán. Nọ́ńbà 765 ló wà lára rẹ̀, nọ́ńbà yẹn kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́. 65 tó kẹ́yìn dúró fún 6500 Kelvin, ìyẹn funfun bí ojú ọ̀sán. 7 tó ṣíwájú ń sọ bí iná náà ṣe ń fi àwọ̀ hàn sí: máàkì rẹ̀ kò wọ 80 nínú 100. 865 sàn jù ú lọ, 965 ni ọba wọn. Lábẹ́ 765, ikùn pupa ẹja kribensis, ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà, á ṣá bí ẹran bíbọ̀. Iná lè funfun gbòò kí pupa inú rẹ̀ má tó nǹkan, ohun tí iná kò bá sì gbé wá, ara ẹja kò lè dá a padà sí wa lójú.

Wọ́n gbé iná padà. Ẹni tó tà á kò dá owó padà, ó ní kí wọ́n mú nǹkan mìíràn, ó sì kó gílóòbù elésè àlùkò fún wọn, "èyí tí ń mú ewé dàgbà." Kò purọ́. Pupa nítòsí nánómítà 660 àti búlúù nítòsí 450 ló pọ̀ nínú rẹ̀, oúnjẹ ewé gan-an nìyẹn. Ibi tó ti burú ni pé ewé ń gbé méjèèjì mì. Àwọ̀ tí à ń rí lára ewé ni èyí tí ewé kò jẹ tán, tó ta padà sí wa. Gílóòbù yìí kò sì ní irú rẹ̀ láti ta padà. Bí ọ̀gá ṣe tan iná sórí ewé inú àpótí rẹ̀, Anubias dúdú, Vallisneria tó gùn bí rìbọ́ọ̀nù dúdú, ó ń fì nínú omi bí irun àtọwọ́dá.

"Yé è! Ewé ti jẹrà!"

Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù, ewé tó bá jẹrà a máa ba omi jẹ́, ẹja a sì máa bá a lọ. Ni ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ bá ki ọwọ́ bọ omi dé ìgbọ̀nwọ́ lóru, wọ́n ń fà á tu. Ó kún bàsíà méjì. Wọ́n gbé e sí àgbàlá, wọ́n sùn.

Ìyàwó ọ̀gá ń ta aṣọ ní ọjà Ouando. Kò sanwó aṣọ lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù rí. Inú oòrùn ló ń gbé e jáde sí, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ó jí jáde láàárọ̀, ó rí ewé tútù yọ̀yọ̀ nínú bàsíà.

"Bàbá wọn, ta ló kó ẹ̀fọ́ ránṣẹ́ sí wa?"

Ọ̀gá wo bàsíà, ó wo ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ń wo sánmà. Kí wọ́n tó wo ara wọn tán, ewúrẹ́ ti gbá bàsíà kan mọ́. Anubias nìkan ló tu sílẹ̀ lẹ́nu. Ìdílé kan náà ni òun àti kókò, ewé rẹ̀ a sì máa yún ẹnu.

Ìyá náà ló wá lọ ra gílóòbù fúnra rẹ̀. Ó mú àjákù aṣọ tó ní pupa àti àwọ̀ ewé dání, ó ní kí ọlọ́jà tan gílóòbù kọ̀ọ̀kan lé e lórí. Èyí tí pupa bá ti dà bí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló tó wo páálí: IRC 90, máàkì fífi àwọ̀ hàn yẹn, ló ń wá, 80 ló kún orí àtẹ. Mẹ́ta ló rà, LED wáàtì 9, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi lúmẹ́nì (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) 800 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2400, ó lé díẹ̀ ní 20 fún lítà kan, ó sì tó fún ewé tí a kò fún ní gáàsì CO2. Méjì jẹ́ 6500 Kelvin, ìkẹta 3000. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 3000, omi á dà bíi tíì. Bí wọ́n bá jẹ́ 10000, gbogbo ẹja á dà bí aláìsàn. Èyí tó jẹ́ 3000 ni wọ́n gbé síwájú, nítorí iná tó bá ti iwájú bọ́ sára ẹja ló ń ta padà sí ojú ẹni tó jókòó. (Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ B22, èyí tí à ń tì kó tó há, bẹ́ẹ̀ E27 oníyíyí ni gbogbo ojú iná ọ̀gá. Ó tún di zém.)

Wọ́n bo àpótí ní dígí, wọ́n jẹ́ kí wáyà rọ̀ wálẹ̀ ju ihò iná lọ kó tó gòkè, kí omi tó bá ń tọ wáyà lè kán sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi táímà sí wákàtí 7. Ọ̀gá jí i sún sí 12 nítorí àlejò, koríko yíyọ̀ sì bo dígí títí àlejò kò fi rí ẹja kankan. Ó dá a padà sí 7.

Ó wá ku néon. Ìyá pe ọmọ iṣẹ́, ó ka owó sí i lọ́wọ́.

"Néon mẹ́wàá o. Èyí tí ń lúwẹ̀ẹ́."

"Ẹ ṣé, màmá. Wáàtì mélòó?"