Ta ló ń jẹ nínú owó jákẹ́ẹ̀tì yìí?

Jákẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ràn gan-an. Lọ́jọ́ kan tí mo yí i sódì kí n tó fọ̀ ọ́, mo rí àkọlé kékeré kan níkùn ẹ̀, Made in Myanmar. Bọ́mà tí àwọn bàbá wa lọ jagun Hitler nìyẹn o. Mo wá wo abẹ́ apá ẹ̀, wọ́n rán an lẹ́ẹ̀mejì, ó gún régé, òwú kan ò yọ síta. Èèyàn ló jókòó ti máṣíìnì tó rán an báyẹn, látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹni náà ò ti kúrò lọ́kàn mi.

Ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2021 ni Min Aung Hlaing, olórí àwọn ológun Myanmar, àtàwọn sójà ẹ̀ gbàjọba, wọ́n ti Aung San Suu Kyi, aṣáájú ìjọba alágbádá, mọ́lé. Nígbà táwọn èèyàn tú síta láti fẹ̀hónú hàn ní Yangon, ìlú tó tóbi jù níbẹ̀, àwọn obìnrin tó ń ránṣọ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Oṣù yẹn ò tíì parí tí ìjọba sójà fi kéde pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 16 ò bófin mu mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kẹta, wọ́n da ìbọn bo àwọn èèyàn ní Hlaing Tharyar, àdúgbò tí ilé iṣẹ́ aṣọ pọ̀ sí, òkú sùn lọ bẹẹrẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Owó àwọn aránṣọ yìí ńkọ́? Láti 2018 títí wọ 2023, kyat 4,800 (kyat lorúkọ owó Myanmar) lówó ojúmọ́ tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san, fún wákàtí 8. Nígbà yẹn ó lé ní dọ́là 3, àmọ́ kyat já wálẹ̀ lẹ́yìn tí sójà dé débi pé nígbà tó fi máa di 2023, iye yẹn ò tó dọ́là 2 lọ́jà mọ́. Ní 2023 yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní Yangon ní kí wọ́n fi kyat 800 péré kún owó ojúmọ́ àwọn, ńṣe ni wọ́n lé àwọn tó ṣíwájú níṣẹ́, wọ́n sì kó wọn dè. Kyat 800 o!

Àwọn kan á ní kọ́ńpìnnì òkèèrè ò bá sójà ṣòwò, aránṣọ ló ń fún níṣẹ́. Mi ò gbà. Owó orí ń wọlé, dọ́là náà ń wọlé, ní oṣù kẹrin 2022 báńkì àpapọ̀ wọn pàṣẹ pé kí wọ́n ṣẹ́ dọ́là tó bá wọlé sí kyat kíákíá, 1,850 sí dọ́là kan, bẹ́ẹ̀ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ níta ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́ wọ́n yọ àwọn kan kúrò nínú òfin yẹn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pàṣẹ fún báńkì la mọ̀.

Ibi tó ti ń dùn mí rèé. Ní 2003 Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọjà Bọ́mà torí sójà, àwọn ọmọbìnrin tó pàdánù iṣẹ́ pọ̀ jọjọ, ó sì di 2011 kí ìgbìmọ̀ ológun tó tú ká. Torí ẹ̀, tí òṣìṣẹ́ kan bá ní kí àwọn kọ́ńpìnnì aṣọ òkèèrè má kúrò ní Myanmar, mi ò lè pè é ní aláìmọ̀kan, ìrẹsì alẹ́ ló ń rò.

Síbẹ̀, kí wọ́n máa lọ ni tèmi, ohun tí IndustriALL, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, àtàwọn aṣáájú òṣìṣẹ́ Myanmar tó sá jáde nílùú ń bẹ̀ fún náà nìyẹn. Ẹ wò ó, tí kọ́ńpìnnì bá rán ẹni tó máa ṣàyẹ̀wò ilé iṣẹ́ wá, tí ọ̀gá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sẹ́gbẹ́ tó máa gbèjà òṣìṣẹ́, tí ẹni tó sọ̀rọ̀ lánàá ti wà látìmọ́lé, kí ni wọ́n fẹ́ kí òṣìṣẹ́ sọ fún wọn? Nínú àwọn kọ́ńpìnnì tó ń ta aṣọ, Primark kéde ní 2022 pé àwọn ń lọ, Marks & Spencer náà, H&M tẹ̀ lé wọn ní 2023. Ó dáa. Àmọ́ lílọ òru kọ́ ni mò ń sọ o. Kí wọ́n sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n sanwó iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ pé, kí wọ́n rí i pé owó ìdádúró dé ọwọ́ ẹni tó ń ránṣọ gan-an, kó má lọ há sọ́wọ́ onílé-iṣẹ́.

Mo ti kọ̀wé sí kọ́ńpìnnì tó ta jákẹ́ẹ̀tì yìí, mo bi wọ́n pé ilé iṣẹ́ wo ló rán an, èló ni wọ́n san. Ó ti lé lóṣù kan. Mo tún un kọ láàárọ̀ yìí.