Cruise Control: Ẹ Gbẹ́sẹ̀ Kúrò Lórí Iná, Ẹ Má Gbójú Kúrò Lọ́nà

Ọ̀nà márosẹ̀ òkè òkun gùn gbọọrọ, ó sì tẹ́jú débi pé ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ máa ń ké gbàjarè. Nígbà tí mo dé, mi ò fọkàn tán cruise control, ẹ̀rọ tó ń tẹ iná fúnra rẹ̀ kí eré ọkọ̀ lè dúró sójú kan. Ní báyìí, bí ọ̀nà bá ti já geere, mo ti tẹ SET.

Ìlò rẹ̀ kò le. Ẹ tan bọ́tìnì rẹ̀ lára sítíárìn, ẹ sáré dé iye tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ tẹ SET, kẹ́ ẹ sì gbẹ́sẹ̀. Ẹ fọwọ́ tọ́ bíréèkì pẹ́rẹ́, ó ti já nìyẹn.

Ẹni tó ṣe é ló ń yà mí lẹ́nu. Ralph Teetor, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ti fọ́jú láti ọmọ ọdún 5. Wọ́n ní lọ́yà rẹ̀ ló ń wà á kiri: bí ọkùnrin náà bá ń sọ̀rọ̀, ọkọ̀ á falẹ̀, bó bá dákẹ́ tó ń gbọ́, ọkọ̀ á tún ki eré mọ́lẹ̀. Ó sú Teetor. Ó gba ìwé àṣẹ olùṣẹ̀dá (patent) lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1950, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Chrysler sì gbé e sínú ọkọ̀ ní 1958. Afọ́jú ló rí i pé ẹsẹ̀ àwa tá a ríran kì í dúró sójú kan! Òótọ́ sì ni. Orin dùn díẹ̀, eré ti lé, kámẹ́rà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti ya fọ́tò. Èmi ò tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ torí ìsinmi ẹsẹ̀ tó bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ torí owó ìtanràn.

Ṣùgbọ́n iye eré nìkan ló mọ̀, kò mọ ọ̀nà. Òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, mo pa á. Bí táyà bá gun orí omi, ẹsẹ̀ èèyàn á ti kúrò lórí iná. Cruise control á ṣì máa wá eré tẹ́ ẹ ní kó sá. Ti yìnyín kò ṣeé fẹnu sọ.

Àwọn tuntun ní rédà tàbí kámẹ́rà tó ń wo ọkọ̀ iwájú, wọ́n á sì dẹwọ́ eré fúnra wọn. Ó tù mí lára nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn lè má rí ọkọ̀ tó dúró pa síwájú bí eré bá pọ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ mi kì í jìnnà sí bíréèkì.

Bọ́tìnì RES, tó ń dá ọkọ̀ padà sí eré àtẹ̀yìnwá, ni mo máa ń kìlọ̀ rẹ̀ jù fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Eré tẹ́ ẹ fi SET yàn kẹ́yìn ló ń rántí. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yà sí àdúgbò ilé ìwé, kìlómítà 110 ní wákàtí kan lọkọ̀ á máa lé lọ níbi tí wọ́n kọ 50 sí. Títẹ bíréèkì kì í sì í mú kó gbàgbé eré náà. Ẹ pa bọ́tìnì tó tan án gan-an kẹ́ ẹ tó yà.