Ta ni yóò bá mi ru ẹran yìí?

Nígbà tí mo pe àbúrò bàbá mi ní Ìgbòho láti sọ fún wọn pé mo ti pa ẹran tó tó màlúù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àjàní, ta ló gba itan?" Mo ní kò sẹ́ni tó gba itan o. Mo ní itan ṣì wà lórí igi nínú igbó, ẹni tó máa bá mi gbé e ni mò ń wá kiri. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

"Ṣé kò sí ọmọ ènìyàn nílùú yẹn ni?"

Ọmọ ènìyàn wà. Aurora ni mò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Denver ní ìpínlẹ̀ Colorado, èrò ibẹ̀ kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti yìnbọn jìnnà sí Aurora. Orí òkè tí wọ́n ń pè ní Flat Tops ni. Òkè náà tẹ́ lórí bí ọpọ́n, ó sì ga tó 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, débi pé ẹni tí kò bá gbé ibẹ̀ dàgbà á máa mí bí ẹni tó ń sáré, kó tó gbé ẹrù kankan. Oṣù kẹwàá ni, yìnyín ti ń já díẹ̀díẹ̀. Èmi àti òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ la jọ lọ, ọmọ ọdẹ lòun náà. Ibi tí a gbé ọkọ̀ sí tó máìlì márùn-ún sí ibi tí ẹran wó sí.

Elk ni wọ́n ń pe ẹran náà. Ẹ fojú inú wo ìgalà tó ga tó ẹṣin, tí ìwo rẹ̀ yà bí ẹ̀ka igi. Akọ tó bá dàgbà dáadáa lè wọn 700 páùn, ìyẹn bíi 320 kílò. Tí ẹ bá bó o, tí ẹ yọ egungun rẹ̀ dànù, ẹran tó kù á ṣì tó 200 páùn tàbí kó lé. Wọ́n ní ọjọ́ tí erin bá kú là ń rí oríṣìíríṣìí ọ̀bẹ. Erin tèmi kú, ọ̀bẹ méjì ló yọ, tèmi àti ti ọ̀rẹ́ mi. Àwọn ẹyẹ dúdú tó jọ kannakánná ló tẹ̀ lé wa.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí bàbá mi àgbà pa ẹfọ̀n lọ́nà oko wa. Ìbọn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dún. Àwọn tó wà lóko nígbà yẹn mọ ìró ṣakabùlà olúkúlùkù bí ẹní mọ ohùn aládùúgbò, wọ́n sì mọ̀ pé bàbá kì í fi ẹ̀tù ṣòfò. Obìnrin kan tó ń wa gbágùúdá ló kọ́kọ́ dé, agbọ̀n rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́. Àwọn ọmọkùnrin méjì láti abà kejì tẹ̀ lé e. Ọmọ Fúlàní kan tó ń da màlúù náà yọjú, ó dúró lókèèrè, ó ń wò. Kí oòrùn tó dé àtàrí, àwọn tó wà níbẹ̀ ti lé ní ọgbọ̀n, bàbá kò sì rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ pé kó lọ pe ẹnikẹ́ni.

Kò sẹ́ni tó pín iṣẹ́, síbẹ̀ iṣẹ́ pín. Àwọn kan ń já ewé tí wọ́n máa tẹ́ ẹran lé, àwọn kan ń ṣa igi ìdáná, nítorí oòrùn ilẹ̀ wa kì í dúró de ẹlẹ́ran. Èyí tí kò bá ní lè délé lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ rí èéfín kó tó di alẹ́. Àwọn obìnrin ń ká òṣùká. Ọkùnrin méjì fi ọ̀pá gbé itan kan léjìká. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ ìjálá níwájú, ẹrù sì dà bí ẹni pé ó fúyẹ́. Èmi náà ru. Ìrù ni wọ́n gbé lé mi lórí. Mo fi yangàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tí mi ò rí nígbà yẹn ni ìṣirò rẹ̀. Olúọdẹ ní ìpín tirẹ̀, Baálẹ̀ ní tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó fi òṣùká sórí gba nínú ohun tó rù. Ẹni tó dáná gbà, ẹni tó já ewé gbà, ọmọ Fúlàní tó dúró tó ń wò náà gbà. Èyí tó kù ni ìyá àgbà gbé lọ sọ́jà, mo sì rántí pé ó ń kùn pé ẹran ọdẹ ni, àmọ́ ará ìlú ló jẹ ẹ́. Bàbá àgbà kò san kọ́bọ̀ fún alárùú kankan lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ìdajì ẹfọ̀n náà ló wọ ilé wa.

Mo sọ èyí nítorí pé àwa tí a wà lókè òkun máa ń sọ̀rọ̀ ilé bí ẹni pé ohun gbogbo níbẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ rárá. Ẹran ni wọ́n fi ń sanwó.

Ní Flat Tops, ẹsẹ̀ wa la fi sanwó. Ìjọba ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ ní 1975, lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1964, pé ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ wọ irú igbó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń bá wí. Ọ̀rẹ́ mi ní rárá o, ohun tó bá ti ní táyà ni, bó ṣe ọ̀kadà, bó ṣe kẹ̀kẹ́ ológeere. Ọmọlanke gan-an kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ní 1919, ìjọba rán ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Arthur Carhart lọ sí adágún Trappers Lake, ní àárín òkè yẹn, pé kó lọ ya àwòrán ibi tí wọ́n lè kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí. Ó dé ibẹ̀, ó wò ó, ó padà wá sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n má kọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Èrò rẹ̀ wà lára ohun tó bí òfin yìí. Mi ò bá a jà, torí ibẹ̀ rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí itan elk wà lẹ́yìn mi, mo dárúkọ bàbá yẹn nígbà mélòó kan.

Ẹrù àkọ́kọ́ la rù jáde lọ́jọ́ náà, a fi ìyókù sínú àpò aṣọ, a so ó rọ̀ sórí igi níbòòji, kí béárì má bàa dé ibẹ̀. Òtútù ilẹ̀ wọn ló ràn wá lọ́wọ́: ohun tí ìyá àgbà máa fi iná àti èéfín gbà là, afẹ́fẹ́ lásán ló gbà á là fún wa. Síbẹ̀, kíá la ti bó awọ kúrò, torí irun elk nípọn, ooru inú rẹ̀ sì lè ba ẹran tó wà nídìí egungun itan jẹ́ bí yìnyín tiẹ̀ ń já lóde. Ẹ̀dọ̀ àti ọkàn wà nínú àpò mi. Ṣàkì ńkọ́? Mo dúró tì í fún ìgbà díẹ̀, mo wo òkè tó wà níwájú, mo sì fi í sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyá mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a wakọ̀ lọ sí Meeker, ìlú kékeré tó wà nísàlẹ̀, láti wá ẹni tó ní ẹṣin. Ibẹ̀ ni mo ti pe Ìgbòho. Àwọn tó ń fi ẹṣin kó ẹran fún ọdẹ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ ní ẹṣin òun ti wà lórí òkè lọ́dọ̀ àwọn tó ti sanwó láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo wá rí àgbẹ̀ kan tí ẹṣin mẹ́rin ń jẹko ní ọgbà rẹ̀. Mo kí i dáadáa, mo fi owó lọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò lè gbà á: ní Colorado, ẹni tó bá ń gbowó láti fi ẹranko gbé ọdẹ, ẹrù ọdẹ tàbí ẹran tí ọdẹ pa, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, igbó ìjọba náà sì tún ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ó ní ká ní ọ̀rẹ́ òun ni mí ni, òun ì bá bá mi lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ara wa ni, kí ni mo fẹ́ sọ? A padà sórí òkè, a ru ìyókù fúnra wa. Èjìká mi kò padà sípò títí di ọdún Kérésì.

Ọ̀rẹ́ mi ní ohun kan tí mo ti wá gbà pé òótọ́ ni: níbẹ̀, o gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa gbé ẹran kí o tó mọ ibi tí ẹran wà. Ọdẹ ilé wa tó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó ń ka ọmọ adìẹ kí ẹyin tó pa. Ní ọdún kejì, oṣù keje ni mo ti pe baba oníẹṣin kan. Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ ju ti àlùfáà tó fẹ́ so yìgì lọ. Níbo gan-an lẹ máa pàgọ́ sí? Ṣé igi wíwó pọ̀ lọ́nà ibẹ̀? Ṣé ẹ ní ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ gba sátẹ́láìtì? Ó ní tí mo bá pa ẹran sínú kòtò tí ẹṣin kò lè wọ̀, èmi ni mo máa gbé e gòkè wá bá ẹṣin, ẹṣin kò ní sọ̀kalẹ̀ wá bá mi. Ó sì ní kí n má ṣe tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pe àwọn agbanilà nítorí ẹran o. Àwọn yẹn ń yọ̀ǹda ara wọn fún ènìyàn tó wà nínú ewu, wọn kì í ṣe alárùú.

Nígbà tí ẹran wó, mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó dé ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìbaaka méjì. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ń pè mí ní orúkọ mi gan-an, ó sì fẹ́ kí n pe òun náà bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́, "sà" ni mo ń pè é títí a fi parí. Ó fi òṣùwọ̀n kékeré kan wọn àpò ẹran kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e. Itan ọ̀tún sí apá ọ̀tún, itan òsì sí apá òsì, wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba, torí pé bí ẹrù bá fì sápá kan, egbò á dá sí ẹ̀yìn ìbaaka kó tó dé ìsàlẹ̀. Bíi 150 páùn ni ó di ru ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó gbà wá ní ọjọ́ méjì lọ́dún tó kọjá, wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ló fi ṣe é. Mo san 600 dọ́là.

Ìyá àgbà ì bá bi mí bóyá ọjà máa dá owó yẹn padà. Kò lè dá a padà, torí òfin kò gbà kí ọdẹ ta ẹran ìgbẹ́ tó pa. Ẹ lè jẹ ẹ́, ẹ lè fún ènìyàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin náà ni kò sì jẹ́ kí n fi èyí tó bá wúwo sílẹ̀ sínú igbó kí n sálọ: apá, itan àti ẹran ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jáde, ẹ̀yà tí wọ́n máa fi mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo sì gbọ́dọ̀ ṣì so mọ́ ẹran náà nígbà tí ẹ bá ń gbé e. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún àbúrò bàbá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ ilé, kí n má sì parọ́ mọ́ àjò. Ẹfọ̀n ti di àwátì lágbègbè wa, ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Àtijọ́ tó wà nítòsí sì ka ọdẹ léèwọ̀. Ẹtu àti ọ̀yà ni àbúrò bàbá mi ń pa báyìí, ọmọ ọlọ́kadà kan ni wọ́n sì máa ń fi fóònù pè láti wá gbé e. Náírà ni ó ń gbà. Kò bèèrè ẹran. Kò sẹ́ni tó ń fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ nítorí ìró ìbọn mọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ sá ná.

Ní òdìkejì, òyìnbó tó bá mi ru ẹran lọ́dún àkọ́kọ́ kò gba owó lọ́wọ́ mi. Mo pín ẹran fún un, ó gbà á láìjiyàn. Nígbà tí òun náà pa tirẹ̀, ó pè mí ní ààbọ̀ òru, ó ní, "Ó ti wó o." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dìde, mo wá àpò mi. Ìyàwó mi ní ṣé wọ́n ń sanwó fún mi ni. Mo ní àáró ni. Òyìnbó yẹn kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àáró ni à ń ṣe.

Mo tún pe Ìgbòho lẹ́yìn ti ọdún kejì. Mo ṣàlàyé ìbaaka, mo ṣàlàyé òṣùwọ̀n. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n wá ní, "Orí ńkọ́? Ta ló gba orí?"

Mo ní àrùn kan ń bá àwọn ẹran tó nírú ìwo yẹn jà níbí, ó ti pẹ́, Colorado gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1967, nítorí náà mo gbé orí lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìjọba ló gba orí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n wí. "Àwọn náà ṣáà ní Baálẹ̀."