Àpótí búrẹ́dì tí yóò bá wa kalẹ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Pákó ni mo yàn. Mo fẹ́ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, torí mo mọ̀ pé àwọn ará ilé yóò bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn ra ike.

Àsìkò òjò la wà ní Ìbàdàn, búrẹ́dì Agége sì ni ilé wa ń jẹ. Ó rọ̀, ó kì, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dì í sínú ọ̀rá ní gbígbóná, ooru ara rẹ̀ á di omi, omi yẹn á kán padà sórí búrẹ́dì, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bu. Èébu tí ojú rí kọ́ ni gbogbo rẹ̀ o. Ó ní okùn tín-ín-rín tó ti wọ inú búrẹ́dì kọjá ibi tí àwọ̀ ti yí padà, ìdí nìyẹn tí n kì í gbà kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé ibẹ̀ kúrò kí wọ́n jẹ ìyókù. Ó ń dùn mí láti da oúnjẹ nù, pàápàá bí búrẹ́dì ṣe wọ́n lásìkò yìí, síbẹ̀ mo máa ń dà á nù.

"Ṣebí fíríìjì wà," ni ọkọ mi máa ń wí. Lóòótọ́, fíríìjì kì í jẹ́ kó tètè bu, àmọ́ òtútù bíi 4°C yẹn gan-an ló ń mú kí sítáàṣì inú búrẹ́dì tètè le. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú búrẹ́dì pẹ́, inú fírísà ni kó gbé e sí, kó dì gbagidi. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ládùúgbò wa kò sì jẹ́ kí n lè gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn.

Mo dé Dùgbẹ̀ láàárọ̀. Ìyá tó ń ta abọ́ gbé ike ńlá kan jáde, ó tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó, ìyá wa, atẹ́gùn ò lè rá pálá wọ ibí." Ike náà dára fún gàárì àti mílíìkì. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì ń mí. Inú irú ike bẹ́ẹ̀, ṣe ni yóò máa làágùn títí yóò fi bu. Páànù tí wọ́n kùn ní ọ̀dà kò tẹ́ mi lọ́rùn: ibi tí ìdérí ti ń ha ara rẹ̀ ni ọ̀dà ti máa ń bó, ibẹ̀ náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Tánganran wù mí púpọ̀, irú èyí tó ní òdòdó lára, àmọ́ bó bá jábọ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì ṣán, irin abẹ́ rẹ̀ ti di ti omi nìyẹn.

Ti stainless ni mo pẹ́ nídìí rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Àjáh. Afẹ́fẹ́ òkun ibẹ̀ kì í dá irin sí. Oríṣi stainless tí wọ́n ń pè ní 304 ní nickel nínú, ó sì lè fara da iyọ̀ ju oríṣi kejì tí wọ́n ń pè ní 430 lọ. Òòfà kì í sábà mú 304, ṣùgbọ́n ó máa ń mú 430. Èyí tí òòfà kò mú, tó sì ní ihò wẹ́wẹ́ lẹ́yìn, ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rà.

Ní tèmi, Bódìjà ni mo gbà lọ, sí ọjà pákó. Káfíńtà kọ́kọ́ fi afárá lọ̀ mí torí pé ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Mo ní rárá, ìrókò ni. Ikán kì í fẹ́ràn ìrókò, kòkòrò kì í sì í tètè lu ú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo tẹnu mọ́ jù ni gbígbẹ pákó náà. Pákó tútù yóò súnkì nígbà ọyẹ́, yóò wọ́, ojú ibi tí wọ́n ti kàn án pọ̀ yóò là, èèrà yóò sì rọ́nà. Mo gbé pákó méjì tó tóbi bákan náà wò, mo sì mú èyí tó fúyẹ́ jù.

Ínṣì 18 ní gígùn, ínṣì 10 ní fífẹ̀, kó lè gba búrẹ́dì ńlá láìgé. Ìdérí tó ṣeé gbé kúrò pátápátá ni mo ní kó ṣe, kí irin kankan má bàa sí níbẹ̀ tí yóò dógùn-ún. Ihò wẹ́wẹ́ lẹ́yìn, kó fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Fáníìṣì níta nìkan, kó má kan inú rárá. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ mẹ́rin ṣe lábẹ́ àpótí búrẹ́dì. Mo ní inú ìdérí agolo tó ní omi ni ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò wà, nítorí èèrà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkòkò ọbẹ̀.

Bí ọyẹ́ bá dé, n ó máa fi aṣọ òwú tó mọ́ wé búrẹ́dì kí n tó gbé e sínú rẹ̀, torí pákó nìkan kò ní lè dá omi ara búrẹ́dì dúró nígbà yẹn. Ní báyìí ná, n ó máa jẹ́ kí ooru búrẹ́dì lọ tán kí n tó bò ó. Ọjọ́bọ̀ ni káfíńtà ní kí n wá gbé e, mo sì ti san ìdajì owó.