Olúwa dá ohùn mi padà

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ kú ìjókòó. Ẹ dákun, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí dókítà ní kí n má tíì máa pariwo.

Oṣù 11 ni ohùn mi fi há. Olùkọ́ ni mí, ọdún 19 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe ń rí lábẹ́ páànù nígbà tí òjò bá ń rọ̀: bí olùkọ́ ò bá lọgun, ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ò ní gbọ́. Ìgbà ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, mo ní eruku ni. Mo jẹ orógbó, mo lá oyin. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ohùn ò dé.

Ẹ̀yin tí ẹ kí mi lọ́nà ọjà tí ẹ ò gbọ́ èsì, tí ẹ ní mo ti ń gbéra ga, mo dá yín lóhùn o. Ẹnu mi mì, ohùn ni kò jáde. Ká kúnlẹ̀ níwájú àgbà, ká má lè sọ pé ẹ káàárọ̀! Ó burú fún mi gan-an.

Èyí tó tún dùn mí ni pé èdè wa fúnra rẹ̀ bọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Mo ní kí ọmọ mi gbé ọkọ́ wá, ó ń bi mí pé ọkọ̀ wo. Mo pe ìyá mi ní Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n ní, "Ta nìyẹn?", wọ́n sì pa fóònù. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan ní ayé ló gba ohùn mi. Mi ò ní purọ́ níwájú Ọlọ́run, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ní, "Ìyàwó mi, dìde, à ń lọ Àjàṣẹ́." Àwọn ló san owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀. Ọlọ́run á san án fún wọn.

Dókítà etí, imú àti ọ̀fun bi mí bóyá mò ń mu sìgá, bóyá àyà ń ta mí lẹ́yìn oúnjẹ, bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún mi rí, torí gbogbo ìyẹn ló lè ba ohùn jẹ́. Ó ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà gba ihò imú mi. Jẹjẹrẹ ni mo ti ń rò látọjọ́ yìí, mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ! Ẹ bá mi yin Olúwa!

Ó ní awẹ́ méjì ló wà nínú gògóńgò, tí obìnrin bá ń sọ̀rọ̀ wọ́n máa ń lu ara wọn ní nǹkan bí ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ariwo ọdún pípẹ́ ti mú kí kókó kéékèèké yọ lórí wọn, bí ọwọ́ àgbẹ̀ ṣe ń le níbi tí ẹ̀rúkọ́ ti ń ha án. Ó ní ohùn tó bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ká ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi lo oṣù 11, ẹ̀yin alágbàtà àti akọrin tó ń gbọ́ mi, ẹ má ṣe bíi tèmi.

Kò fi ọ̀bẹ kàn mí. Ẹni tó ń tún ohùn ṣe kọ́ mi bí mo ṣe máa mí kí n tó sọ̀rọ̀. Omi ni mò ń mu ṣáá. Wọ́n ní kí n yé wúkọ́ àmọ̀ọ́mọ̀wú láti la ọ̀fun, kí n má sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, èmi tí mo rò pé ìyẹn ni ìsinmi. Ní kíláàsì, agogo ni mo fi ń pe àwọn ọmọ báyìí.

Láàárọ̀ àná mo pe Ṣábẹ̀ẹ́. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, ìyá mi." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Àbẹ̀kẹ́?"